Àga àtijọ́ ilé ẹbí wa ti ń mì: kí ni kí a tún ṣe, kí ni kí a fi sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ọmọ Ìtòkò béèrè:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ àga kan tó wà nílé ẹbí wa ní Abẹ́òkúta ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ iṣẹ́ igi dáadáa kí á tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló ni ín. Oníṣòwò èkùrọ́ ni wọ́n láyé ìgbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ìtàn tí àwọn àgbà ilé sì fi lé wa lọ́wọ́ ni pé Èkó ni wọ́n ti rà á lọ́wọ́ káfíńtà kan tó jẹ́ Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Brazil, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú irin gbé e wálé. Orí rẹ̀ ni bàbá náà máa ń jókòó sí bí wọ́n bá ń parí ìjà láàrin ẹbí, orí rẹ̀ náà ni wọ́n sì jókòó sí nínú fọ́tò kan ṣoṣo tí a ní nípa wọn.

Àga ńlá ni. Apá rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, igi rẹ̀ sì wúwo débi pé ẹnì kan kò lè dá a gbé rìn jìnnà. Pàǹkẹ́rẹ́ ni wọ́n fi hun ẹ̀yìn àti ibi ìjókòó. Ti ẹ̀yìn ṣì wà, àfi ibi kan tó ti já lápá òkè. Ti ìjókòó ti ya pátápátá, ẹnì kan sì ti kan pákó pẹlẹbẹ bò ó kí wọ́n tó bí mi, wọ́n wá gbé tìmùtìmù lé e lórí. Bí a bá da àga náà dé, a óò rí àwọn ihò kéékèèké tó tò yí etí férémù ìjókòó ká. Ọ̀pá ìdábùú tó wà lẹ́yìn, lábẹ́ ìjókòó, kò bá ìyókù mu rárá: ó funfun ju gbogbo igi tó kù lọ, ó fúyẹ́, ihò kòkòrò sì kún ara rẹ̀. Bí a bá fọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́, lẹ́búlẹ́bú tó kúnná bí ìyẹ̀rosùn máa ń dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì ń mì níbi tó ti wọ inú férémù. Àwọ̀ àga náà ti ṣú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ lásìkò òjò, àfi orí apá méjèèjì, níbi tí àwọn àgbà ti ń gbé ọwọ́ lé láti ayébáyé, tó ń dán tó sì mọ́ ju ìyókù lọ.

Ẹnu ẹbí kò kò lórí ohun tó yẹ ká ṣe. Àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ń ṣètò ayẹyẹ ìrántí bàbá àgbà, fẹ́ kí a gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe àga ìgbàlódé, kí wọ́n fi ẹ̀rọ họ ọ́ dé ojú igi, kí wọ́n fín láákà tó ń dán sí i, kí wọ́n sì fi fóòmù àti awọ bo ìjókòó àti ẹ̀yìn. Ìyá wa àgbà, tí wọ́n dàgbà jù lọ nínú ilé, ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan án. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù sì ní òun yóò san owó àtúnṣe náà tán bí a bá gbà kí òun gbé e lọ sọ́dọ̀. Ní tèmi, mo fẹ́ kí ènìyàn lè jókòó lórí rẹ̀ láìfòyà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó di àga tuntun. Igi wo ni ẹ rò pé ó jẹ́? Ṣé kòkòrò yẹn lè jẹ dé ara ibi tó kù? Ṣé ìjókòó náà ṣeé hun padà? Kí sì ni kí a ṣe sí àwọ̀ rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Oníṣẹ́ Igi Mushin fèsì:

Ẹ kú ìtọ́jú ohun ìní àwọn bàbá yín. Ẹ bá mi bẹ àbúrò bàbá yín pé kí wọ́n má tíì gbé àga náà fún ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ họ ọ́. Ohun tí ẹ̀rọ bá họ kúrò lórí apá àga yẹn kò ṣeé dá padà mọ́, nítorí pólíìṣì àtijọ́, òróró ọwọ́ ènìyàn, àti ojú igi tí ìmọ́lẹ̀ ti pa láwọ̀ dà láti ọgọ́rùn-ún ọdún, gbogbo rẹ̀ ni yóò bá a lọ, ohun tí yóò sì kù sílẹ̀ ni igi tí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n là lánàá. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ mú àga náà le, kí ẹ mú un mọ́, kí ẹ sì dúró níbẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, mo fura sí ìrókò, ṣùgbọ́n ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan níbi tí ayùn ti gé igi náà lábùú, ẹ fi omi díẹ̀ nù ún, kí ẹ sì fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Bí ìrókò bá ni, ẹ óò rí àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọ̀ wọn mọ́, tí wọ́n ń wọ́ kọrọkọrọ gba inú igi náà kọjá. Bí ọ̀gànwó bá ni, ẹ kò ní rí irú ilà bẹ́ẹ̀, ara igi náà yóò sì máa pọ́n. Àwọ̀ ìyeyè ni ìrókò máa ń ní bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú. Ó ṣe pàtàkì kí a mọ irú igi tó jẹ́, nítorí inú ìrókò, ìyẹn ibi tó ṣú ní àárín igi, kì í ṣe oúnjẹ kòkòrò, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tó funfun, tó súnmọ́ èèpo, kò ní ààbò kankan.

Ọ̀pá ìdábùú tó funfun yẹn kì í ṣe ti àtètèkọ́ṣe, ó dá mi lójú. Àrère ni mo rò pé ó jẹ́, ẹnì kan ló sì fi rọ́pò èyí tó ti ṣẹ́. Kòkòrò tó ń sọ igi di lẹ́búlẹ́bú bẹ́ẹ̀, sítáàṣì inú igi ló ń wá kiri. Ìyá rẹ̀ máa ń yé ẹyin sínú àwọn ihò tín-ín-rín tó wà lára igi, ọmọ rẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ó tó di kòkòrò tó lè fò, kí ó sì lu ihò jáde. Ihò tí ẹ ń rí, ibi tó gbà jáde ni, kì í ṣe ibi tó gbà wọlé. Nítorí náà, ihò nìkan kò fi hàn pé kòkòrò ṣì wà nínú igi. Ẹ gbá gbogbo lẹ́búlẹ́bú náà kúrò, ẹ tẹ́ ìwé dúdú sábẹ́ àga, kí ẹ má sì sún un kúrò lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá dà sórí ìwé, wọ́n ṣì ń jẹun. Bí ohun tó dà sílẹ̀ bá jẹ́ kóró kéékèèké tó le, ikán tó ń gbé inú igi gbígbẹ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì le ju èyí lọ. Ẹ padà wá sọ fún wa.

Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ yọ ọ̀pá àrère yẹn kúrò, kí ẹ sì dáná sun ún. Kò sí ìdí láti máa wo igi tí kò bá àga náà tan sàn. Ẹ ṣe òmíràn láti ara ìrókò tó ti pẹ́, irú èyí tí a máa ń rí lára ilẹ̀kùn tàbí igi àjà ilé àtijọ́ tí wọ́n wó, nítorí pé ó ti gbẹ tán, kò sì ní yí mọ́. Ẹni tó bá máa gé e gbọ́dọ̀ bo imú àti ẹnu rẹ̀ dáadáa: lẹ́búlẹ́bú ìrókò máa ń fa ikọ́ fée àti ara yíyún fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí ó sì ṣọ́ ayùn rẹ̀, nítorí òkúta máa ń dì sínú ìrókò, ó sì lè ká eyín ayùn. Bí ẹ bá rí ihò lára igi funfun díẹ̀ tó lè wà létí ọ̀pá míì, ẹ yọ́ bórásì tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò sínú omi gbígbóná, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí ibi tí kò ní pólíìṣì, lábẹ́. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni da Gamalin sí i. Májèlé tí ìjọba ti fòfin dè ni, ènìyàn ni yóò sì máa jókòó lórí àga náà. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe lo Solignum, oògùn tí wọ́n ń fi kun igi nítorí kòkòrò. Ara òrùlé ló yẹ, òórùn rẹ̀ kò sì ní kúrò nínú yàrá fún ìgbà pípẹ́.

Ní ti ẹsẹ̀ tó ń mì, ẹ kò gbọ́dọ̀ kan ìṣó mọ́ ọn. Ìṣó ló ń la igi àtijọ́, ìpẹtà rẹ̀ sì máa ń dá àbàwọ́n dúdú sí i. Àwọn káfíńtà ìgbà náà máa ń gbẹ́ ahọ́n sí orí ọ̀pá kan, wọn a gbẹ́ ihò sí ara èkejì, wọn a sì fi gúlúù tí wọ́n sè láti ara awọ àti egungun ẹran dè wọ́n pọ̀. Gúlúù yìí máa ń rọ̀ bí omi gbígbóná bá dé ibẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná wé oríkèé náà, ẹ ní sùúrù, kí ẹ sì fi òòlù onígi tí a fi aṣọ wé lù ú jẹ́jẹ́ títí yóò fi yọ. Ẹ fọ gúlúù àtijọ́ kúrò lára ahọ́n àti nínú ihò, kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi gúlúù awọ tuntun dè é. Inú ìkòkò tí a gbé sínú omi gbígbóná ni a ti ń yọ́ ọ, kò gbọ́dọ̀ hó. Bí ó bá ti ju nǹkan bí 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára rẹ̀ ń lọ nìyẹn. Bí ahọ́n náà bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ihò rẹ̀, ẹ lẹ ìrókò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ má fi gúlúù nípọn dí àlàfo. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi okùn yí férémù àti ẹsẹ̀ ká, ẹ ki igi kékeré bọ okùn náà, kí ẹ sì máa lọ́ ọ títí yóò fi fún pinpin, kí ó dúró bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gúlúù funfun inú ike tí gbogbo wa ń lò lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí gúlúù àtijọ́ bá ṣì wà, ìyà yóò sì jẹ ẹni tó bá fẹ́ tú oríkèé náà lọ́jọ́ iwájú.

Ó wá ku àwọ̀. Ẹ fi òwú tí a rì sínú sípírítì kan ibi tó fara sin, bí ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ibẹ̀ bá rọ̀, tó sì lẹ̀ mọ́ òwú, ṣẹ́láàkì, ìyẹn pólíìṣì tí sípírítì máa ń yọ́, ni wọ́n fi pa á. Bí sípírítì kò bá rí i ṣe ṣùgbọ́n tínà mú un, láákà ni, a jẹ́ pé ẹnì kan ti tún un kùn lẹ́yìn ìgbà náà. Bí méjèèjì kò bá mú un, fáníìṣì olóróró ni. Ẹ bi ìyá yín àgbà léèrè bóyá wọ́n máa ń fi epo pupa, àdí àgbọn tàbí òrí pa á, nítorí àwọn òróró wọ̀nyí kì í gbẹ láéláé. Wọn a máa mú eruku, wọn a sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Èyí ni mo rò pé ó fà á tó fi ń lẹ̀ lásìkò òjò. Tọpẹntáìnì díẹ̀ lára òwú yóò ká òróró àti ìdọ̀tí kúrò láìba ṣẹ́láàkì tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ òwú, ẹ ṣí fèrèsé, kí iná má sì sí nítòsí. Ẹ má fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ọṣẹ náà dára fún ara wa, ṣùgbọ́n eérú tó wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ ṣẹ́láàkì run.

Ahunpàǹkẹ́rẹ́ Maryland fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Igi ti sọ èyí tó pọ̀, èmi yóò mú ti ìjókòó. Inú mi dùn pé àwọn ihò yẹn ṣì wà. Bí ó bá jẹ́ kòtò ni wọ́n gbẹ́ yí férémù ká, a jẹ́ pé pàǹkẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ ti hun ni wọ́n tẹ̀ mọ́ inú kòtò náà. Ṣùgbọ́n ihò tó tò ń sọ pé ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún, ọwọ́ náà ni a ó sì fi hun ún padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ dí àwọn ihò náà kí ó lè fi fóòmù bò ó, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò ìjókòó náà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ yọ ìṣó tó wà lára pákó pẹlẹbẹ náà níkọ̀ọ̀kan. Ẹ má fipá já pákó náà gbà, nítorí pé ẹni tó kàn án lè ti kan ìṣó sí àárín ihò méjì, férémù yóò sì là níbẹ̀. Ẹ tọ́jú pàǹkẹ́rẹ́ àtijọ́ díẹ̀, kí a lè wọn fífẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí èyí tó ṣeé wọ̀n, ẹ wọn àárín ihò kan sí àárín ihò tó tẹ̀ lé e: bí ó bá jẹ́ nǹkan bí mílímítà 19, okùn tó fẹ̀ tó mílímítà 3 ni a ó lò, bí ó bá jẹ́ 13, okùn náà kò ní tó 2.5. Àṣìlò okùn ló ń jẹ́ kí ìjókòó tuntun há jù tàbí kí ó dẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Bí a ṣe ń hun ún rèé. A máa ń rẹ okùn sínú omi kí ó rọ̀. Okùn àkọ́kọ́ máa ń lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, èkejì láti ọ̀tún dé òsì lórí rẹ̀, ẹ̀kẹta tún lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, a wá fi ẹ̀kẹrin hun gba àárín wọn lọ́tùn-ún lósì. Ìyẹn ló ń fún un lágbára. Karùn-ún àti ẹ̀kẹfà ni wọ́n ń gba igun lọ sí igun, àwọn ló sì ń mú kí ojú ihò ní igun mẹ́jọ-mẹ́jọ bí ẹ ṣe máa ń rí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a óò fi okùn tó fẹ̀ díẹ̀ bo etí. Bí ó bá ti ń gbẹ ni yóò máa le. Iṣẹ́ yìí gba àkókò púpọ̀, ẹ má sì yan ẹni tó bá ṣèlérí láti parí rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan.

Pàǹkẹ́rẹ́ inú igbó wa dára fún férémù àti fún okùn tó nípọn, ṣùgbọ́n fún irú iṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí, èyí tó ń ti Éṣíà wá, tí wọ́n ti là ní ìwọ̀n kan náà, ló máa ń jọ ara wọn jù. Ẹ lè rí àwọn ahunpàǹkẹ́rẹ́ ní Mende, ní Maryland níbí, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti hun àga oníhò rí, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà hàn yín. Ẹ fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Ibi kékeré tó já lókè, a lè so okùn tuntun mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, kò sì ní hàn lójú. Ó dùn mí bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń gé gbogbo rẹ̀ dànù nítorí okùn mẹ́ta tó já. Ìjókòó tuntun yóò funfun ju ẹ̀yìn lọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má kùn ún láti fi pa á mọ́, ìmọ́lẹ̀ yóò pa á láwọ̀ dà fúnra rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ tútù nu abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pàǹkẹ́rẹ́ tó gbẹ jù ló máa ń ṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi orókún tàbí ẹsẹ̀ gùn ún.

Akọ̀tàn Ìsàlẹ̀ Èkó fèsì:

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún ìtàn ẹnu yẹn, nítorí ó ṣeé gbàgbọ́. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta sì wà lójú ọ̀nà náà. Ní àkókò yẹn, àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil ti fìdí múlẹ̀ ní Pópó Àgùdà ní Èkó, iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà sì ni wọ́n fi gbajúmọ̀ jù. João Baptista da Costa, tí wọ́n mọ̀ mọ́ kíkọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọwọ́ kan náà tó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé fún àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn lè gbẹ́ àga fún oníṣòwò tó lówó lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi bí àga náà ṣe rí nìkan ṣe ẹ̀rí. Àwọn Àgùdà kọ́ ọmọ iṣẹ́ tí kì í ṣe Àgùdà, àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ ní Abẹ́òkúta, ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta náà sì ní àwọn káfíńtà tirẹ̀. Ohun tí yóò ran ìtàn náà lọ́wọ́ ni àmì tí káfíńtà fi sílẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ gbogbo abẹ́ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fọ̀ ọ́: lẹ́tà, nọ́ńbà, orúkọ tí wọ́n fi léèdì kọ. Ẹ jókòó ti ìyá yín àgbà pẹ̀lú fóònù yín, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àga náà. Ní 2016 ni wọ́n wó Ilojo Bar ní Èkó, ilé Àgùdà tí ìjọba ti kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá lè wó lójú wa, àwọn ohun kéékèèké tó wà nínú ilé ẹbí ni ẹ̀rí tó kù, ó sì yẹ kí a kọ ìtàn wọn sílẹ̀.

Abílékọ Peckham fèsì:

Ọmọ Ìtòkò, mo fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ yín, nítorí ìlú yìí ni èmi náà ń gbé, mo sì mọ bí ọkàn ṣe máa ń fà sí ohun ilé.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ òfin. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn NCMM, ka iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun àtijọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ gbé jáde láìgba ìwé àṣẹ. Bí ìtàn ẹbí yín bá jẹ́ òótọ́, àga náà lè bọ́ sínú èyí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tíì kó o sínú kọ̀nténà láìjẹ́ pé ẹ ti béèrè lọ́dọ̀ wọn.

Èkejì ni ojú ọjọ́. Ìrókò tó ti ń mí afẹ́fẹ́ Abẹ́òkúta láti ọgọ́rùn-ún ọdún, níbi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti máa ń ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ lásìkò òjò, ni ẹ fẹ́ gbé wá sínú ilé tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà òtútù, tí ọ̀rinrin rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ sí ogójì tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Igi yóò sún kì, ahọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì nínú ihò, pàǹkẹ́rẹ́ yóò gbẹ. Mo ti rí àga àti àpótí tó là báyìí nílé àwọn ará wa níbí, ó sì bà mí nínú jẹ́. Bí ẹ bá tún un ṣe tán kí ẹ tó gbé e wá, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe lè tú láàrin ọdún kan.

Ẹ̀kẹta, ohun tí ẹ̀gbọ́n náà mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ohun ìní ẹbí kì í ṣe ti ẹni tó bá san owó àtúnṣe. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ilé ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí ó tó kúrò lójú kan. Mo rò pé ó lè san owó náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ, kí ó sì máa rí àga náà nílé nígbà tó bá wá.

Ọmọ Ìtòkò dáhùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Olúwa yóò máa tì yín lẹ́yìn. Mo ka gbogbo èsì yín sí etí ìyá àgbà, wọ́n sì gbà kí a ṣe é báyìí. Wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àdí àgbọn ni ìyá wọn máa ń fi pa á lọ́jọ́ ọdún. Àbúrò bàbá mi náà ti gbà pé kí a má họ ọ́, nígbà tí mo fi orí apá àga náà hàn wọ́n nínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá àgbà.

Sípírítì mú ìdí ẹsẹ̀ náà, ó rọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ òwú. Lẹ́búlẹ́bú tuntun dà sórí ìwé dúdú, ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀pá funfun yẹn nìkan ni. Kò sí ohun tó dà ní ibòmíràn. Ìṣó oníyíyí tó mú ọ̀pá náà dúró ní àmì àgbélébùú lórí. A sì rí ohun kan tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti fi ìfágbọ̀n ṣá ilà kéékèèké, ọ̀kan níbí, méjì lọ́hùn-ún, mẹ́ta ní ibòmíràn, àmì kan náà sì wà lára ọ̀pá àti lára ẹsẹ̀ tó gbà á. Ọ̀pá funfun yẹn nìkan ni kò ní àmì. Kí la ó kọ́kọ́ ṣe, nígbà tí ayẹyẹ ìrántí ti ń súnmọ́lé?

Oníṣẹ́ Igi Mushin fèsì:

Àwọn ilà yẹn ni káfíńtà fi mọ ahọ́n tó bá ihò kan mu. Ọwọ́ ló fi gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí méjì tó bá ara wọn dọ́gba, ìdí nìyí tó fi ní láti sàmì sí wọn. Ẹ ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má fi sáǹdípépà pa wọ́n rẹ́. Ìṣó tó ní àgbélébùú lórí kò tíì sí lọ́jà ṣáájú àwọn ọdún 1930, nítorí náà ẹ ti rí ẹ̀rí pé wọ́n fi ọ̀pá àrère yẹn sí i lẹ́yìn ìgbà tí bàbá náà rà á. Pé abẹ́ rẹ̀ nìkan ni lẹ́búlẹ́bú dà sí jẹ́ ìròyìn ayọ̀.

Ẹ yọ ọ̀pá náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì gbé e jáde kúrò nínú ilé lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú ẹsẹ̀ tó ń mì, kí káfíńtà sì wọn ọ̀pá tuntun nígbà tí oríkèé ṣì ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá ti lẹ ẹsẹ̀ náà tán, ahọ́n ọ̀pá tuntun kò ní rí ibi wọlé. Kí ó má ṣe ṣá irú àmì àtijọ́ yẹn sí ara ọ̀pá tuntun. Kí ó fi léèdì kọ ọdún tí ó ṣe é sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn wa má bàa ṣì í mú fún ti àtètèkọ́ṣe. Bí gúlúù bá ti gbẹ, ẹ fi tọpẹntáìnì ká àdí àgbọn náà kúrò, ẹ fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ kí ara igi fẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ wá fi ṣẹ́láàkì tó ṣàn dáadáa pa á lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì níbi tó ti ṣí nìkan. Lórí apá àga, ìda oyin díẹ̀ tó, kí ẹ sì fi aṣọ òwú nù ún. Bí fáníìṣì olóróró tilẹ̀ ń dán, ẹ má lò ó. Ohun kan wà nínú ìrókò tí kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ gbẹ dáadáa. Ẹ gbé e lọ fún ahunpàǹkẹ́rẹ́ nígbà tí pólíìṣì bá gbẹ tán, má jẹ́ kí ó ṣáájú, nítorí ṣẹ́láàkì tó bá kán sórí pàǹkẹ́rẹ́ tuntun kò ní ṣeé yọ. Bí àkókò kò bá tó kí ẹ tó ṣe ìrántí, ẹ gbé àga náà síta pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti le àti ìjókòó tí a kò tíì hun, kí ẹ gbé fọ́tò bàbá àgbà lé e lórí, kí ẹ sì jẹ́ kí ahunpàǹkẹ́rẹ́ parí iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ.